Ẹ yẹ kọ́ìlì wò kí ẹ tó gbà pé ẹ́ńjìnnì RX-8 yín ti kú

Ẹ̀yin tí ẹ ń wa Mazda RX-8 ní Ìlọrin àti agbègbè rẹ̀, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ mọ ohun tí ojú wa ń rí nílé epo. Láti ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí owó lítà kan sì gòkè títí ó fi kọjá ₦1,000 ní 2024, ẹni tó ń wa ọkọ̀ yìí kò lè fi ojú kékeré wo bó ṣe ń mu epo mọ́. Tí a bá sì fẹjọ́ sùn, èsì kan náà ni gbogbo èèyàn ń fún wa: "Bí ẹ́ńjìnnì onírótọ̀ ṣe máa ń mu nìyẹn. Ẹ fara mọ́ ọn." (Onírótọ̀ ni ẹ́ńjìnnì tó ń lo rótọ̀ tó ń yí dípò písítìn.) Mẹkáníìkì sọ ọ́ fún mi. Ẹni tó ta ọkọ̀ fún mi sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi tí kò wa irú rẹ̀ rí náà sọ ọ́.

Kì í ṣe òótọ́. Ó ń mu epo ju Corolla lọ, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n mímu rẹ̀ ní ìwọ̀n. Tó bá ti kọjá ìwọ̀n yẹn, nǹkan kan ti bàjẹ́ níbì kan, ibi tó sì yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wò ni kọ́ìlì tó ń fún púlọ́ọ̀gì ní iná. Kọ́ìlì. Bí ẹ kò bá ní ka èyí tó kù, ẹ mú ìyẹn lọ.

Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Èmi àti màmá mi ń bọ̀ láti Òmù-Àrán, níbi àdúrà ogójì ọjọ́ àbúrò wọn. Mo ti rọ epo kún táǹkì kí a tó gbéra. A dé Àjàṣẹ́-Ìpo, mo wo géèjì, ó ti sọ̀ kalẹ̀ ju bí ọ̀nà tí a rìn ṣe tó lọ. Mo pa á mọ́ra nítorí màmá. A kọjá Ìdọ̀fìàn, ilẹ̀ ti ṣú, bí a ṣe ń gun òkè kan báyìí ni agbára ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tán. Mo tẹ tọ́rótù dé ilẹ̀, kò lọ. Tírélà tó wà lẹ́yìn wa ń fọn fèrè, ó ń tan iná ńlá sí wa, kò sì sí àyè láti yà. Iná ẹ́ńjìnnì ojú dáṣíbọ́ọ̀dù, èyí tí wọ́n ti ní kí n má kà sí, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Òórùn ẹyin bíbàjẹ́ kún inú ọkọ̀. Màmá fi ìborùn bo imú, wọ́n ní, "Kí ló ń jóná?"

Mo rọra yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Mo bẹ̀rẹ̀, mo wo abẹ́ ọkọ̀. Kàtálísítì, ohun tó ń fọ èéfín ọkọ̀ mọ́ kó tó jáde, ti pọ́n yòò bí irin tí alágbẹ̀dẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fà yọ nínú iná, orí koríko gbígbẹ ni mo sì gbé e lé. Ẹ mọ bí koríko ojú ọ̀nà yẹn ṣe máa ń rí lásìkò ọyẹ́. Mo ṣílẹ̀kùn, mo fa màmá jáde, mo ń pariwo pé kí wọ́n sún sẹ́yìn, kí wọ́n sún sẹ́yìn, obìnrin tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tí orúnkún ń dà láàmú. Àwọn ọmọkùnrin kan tó gun ọ̀kadà dúró, wọ́n bá mi tì í padà sórí ọ̀dà. Koríko ibi tí ọkọ̀ ti kúrò ti ń rú èéfín. Ọ̀kan nínú wọn fi bàtà tẹ̀ ẹ́ pa, ó da píọ́ wọ́tà tó ń mu lé e lórí.

Màmá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà nínú òtútù, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ wọn. Wọn kò bú mi. Wọ́n kàn bi mí pé, "Ọmọ mi, ṣé nǹkan tí o ń kó owó oṣù rẹ lé lórí nìyí?" Ìyẹn ló dùn mí jù, ó dùn mí ju owó lọ.

Wọ́n fi okùn fà wá dé Ìlọrin lóru. Ní ọjọ́ kejì, ọ̀gá mẹkáníìkì kan, n kò ní dárúkọ rẹ̀, tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì náà díẹ̀. Kò tú púlọ́ọ̀gì kan, kò so nǹkan kan mọ́ ọn. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ́ńjìnnì ti lọ. Ẹ jẹ́ ká yọ ọ́, ká gbé ti Toyota sí i, ẹ ó sinmi." Ó sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn tó wà nínú wọ́kíṣọ́ọ̀bù. Ẹnì kan ní kí n tà á fún àwọn tó ń ra irin kóńdẹ́mù. Ẹlòmíràn ní ọkọ̀ ọmọ yahoo ni, pé kí ni mo ń fi ṣe. Owó iṣẹ́ mi ni mo fi ra ọkọ̀ yìí. Mo ń pa ọ́ìlì rẹ̀ dà lásìkò, mi ò fi ohunkóhun jẹ ẹ́ níyà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi irú ọkọ̀ tí ẹ ń wà dójú tì yín.

Ọmọkùnrin kan tó ń ṣe iṣẹ́ rìwáyà ní Ọ̀fà ló yanjú rẹ̀. Ó yọ wáyà púlọ́ọ̀gì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ki púlọ́ọ̀gì tó dára bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó jẹ́ kí ara púlọ́ọ̀gì náà kan irin ẹ́ńjìnnì, ó ní kí n tẹ tọ́rótù dé ilẹ̀ kí epo má bàa wọlé, kí n wá ṣíná. Kọ́ìlì méjì ń ta iná búlúù, ó ń dún ṣáṣá. Méjì yòókù ń ta pupa rúsúrúsú, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí i. A pààrọ̀ kọ́ìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti wáyà wọn, a yọ kàtálísítì tó ti yọ́ dí, a fi òmíràn sí i. Ó tán. Ọkọ̀ tó ń rin kìlómítà 4 lórí lítà kan nínú ìgboro ti ń sún mọ́ 7.

Ìdí tí ẹnikẹ́ni kò fi fura sí kọ́ìlì nìyí, ẹ fara balẹ̀ kà á. Rótọ̀ méjì tó ní igun mẹ́ta-mẹ́ta ló wà nínú ẹ́ńjìnnì wa. Rótọ̀ kọ̀ọ̀kan ní púlọ́ọ̀gì méjì, ọ̀kan ń ṣáájú, ọ̀kan ń tẹ̀lé e, púlọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan sì ní kọ́ìlì tirẹ̀. Nínú Corolla, tí kọ́ìlì kan bá kú, ọkọ̀ á máa gbọ̀n, ọmọdé pàápàá á mọ̀. Nínú tiwa, tí ọ̀kan bá rẹ̀, èkejì tó wà lórí rótọ̀ kan náà ṣì ń tan epo. Ọkọ̀ á dúró jẹ́jẹ́ lójú kan, síkáànà tí wọ́n fi ń wá àṣìṣe ọkọ̀ sì lè má rí kóòdù kankan. Ṣùgbọ́n ibi tí epo ti ń jó nínú ẹ́ńjìnnì yìí gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ń sún lọ bí rótọ̀ ṣe ń yí. Iná ẹyọ kan kò lè jó o tán. Epo tí kò jó á gba ọ̀nà èéfín jáde, á dé inú kàtálísítì, ibẹ̀ ni yóò ti jó. Ohun tó pọ́n yòò lábẹ́ ọkọ̀ mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn, epo tí mo fowó mi rà ní Òmù-Àrán ni.

Kò tán síbẹ̀. Atẹ́gùn tí kò rí epo bá jó náà bá a jáde. Sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn tó wà lójú ọ̀nà èéfín á rí atẹ́gùn yẹn, á sọ fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀, èyí tí àwọn rìwáyà ń pè ní bíréènì, pé epo ti kéré jù. Bíréènì á bu epo kún un. Kọ́ìlì ń fi epo ṣòfò, bíréènì ń bá a bu sí i. Tó bá pẹ́, kàtálísítì á yọ́, á dí, èéfín kò ní ríbi gbà, ooru á padà sínú ẹ́ńjìnnì, á wá ba síìlì tó wà létí igun rótọ̀ jẹ́. Ìgbà yẹn ni ẹ́ńjìnnì ń kú lóòótọ́, kọ́ìlì ló sì pa á. Mazda 787B tó gba ìdíje Le Mans ní 1991, púlọ́ọ̀gì mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n fi sórí rótọ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ṣe é mọ̀ pé iná kì í pọ̀ jù fún irú ẹ́ńjìnnì yìí.

Ẹ máa wọn epo yín. Ẹ rọ ọ́ kún títí ẹ̀rọ yóò fi já fúnra rẹ̀, ẹ dá tírípù padà sí òdo, ẹ wa ọkọ̀ bí ẹ ṣe máa ń wà á, Tanke, Post Office, Unity, Taiwo, ibikíbi. Ẹ padà sí ilé epo kan náà, ẹnu ẹ̀rọ kan náà, ẹ tún rọ ọ́ kún, kí ẹ wá fi iye lítà tó wọlé pín iye kìlómítà tí ẹ rìn. Géèjì kì í ṣe ìwọ̀n. Owó tí ẹ ná kì í ṣe ìwọ̀n, owó epo kì í dúró lójú kan. Ìdánwò ìjọba Amẹ́ríkà fún RX-8 onígíà ọwọ́ ní nǹkan bíi máìlì 16 fún gálọ́ọ̀nù nínú ìgboro, 22 lójú ọ̀nà tó já gaara. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 7 lórí lítà kan, àti díẹ̀ lé ní 9. Ẹ ò rí i pé tèmi tó wà ní 4 ti ń ké fún ìrànlọ́wọ́, tí wọ́n sì ń sọ fún mi pé bó ṣe máa ń mu nìyẹn?

Ẹ má sì jẹ́ kí 1.3 tí wọ́n kọ sínú ìwé ọkọ̀ tàn yín, torí òun ni wọ́n fi máa ń bá wa jà pé "ẹ́ńjìnnì kékeré báyìí!" Bí ṣáàfù ẹ́ńjìnnì wa bá yí lẹ́ẹ̀kan, ó ti fa lítà 1.3 sínú. Ẹ́ńjìnnì onípísítìn gbọ́dọ̀ yí lẹ́ẹ̀méjì kó tó fa iye tí wọ́n kọ sí i. Nítorí náà, ẹ́ńjìnnì lítà 2.6 ni kí ẹ fi tiwa wé, kì í ṣe Starlet.

Ẹni tó bá sọ pé ẹ́ńjìnnì ti kú, kó fi kọ́ḿpírẹ́ṣọ̀n rẹ̀ hàn yín, ìyẹn bí agbára tí ẹ́ńjìnnì fi ń fún atẹ́gùn pọ̀ nínú rẹ̀ ṣe tó. Géèjì tí wọ́n fi ń wọn Toyota kò lè sọ ọ́ tán, nítorí ojú mẹ́ta ni rótọ̀ kọ̀ọ̀kan ní, èyí tó lágbára jù nìkan ni géèjì yẹn máa gbé dúró. Irinṣẹ́ tó ń ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ wà. Tí wọn kò bá ní in, kí wọ́n yọ fáàfù kékeré inú géèjì wọn, kí ẹ wá wo abẹ́rẹ́ rẹ̀ bó ṣe ń fò: mẹ́ta-mẹ́ta, kí wọ́n dọ́gba. Tèmi dọ́gba lórí rótọ̀ méjèèjì. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fẹ́ yọ dànù nìyẹn, nígbà tí kò sí ẹni tó wo kọ́ìlì. Bí wọ́n bá ní jíjẹ tó ń jẹ ọ́ìlì ló fi hàn pé ó ti kú, ẹ má gbà. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn; ó ń fún ọ́ìlì díẹ̀ sínú ara rẹ̀ kí síìlì má bàa gbẹ. Ẹ ṣáà máa wo ọ̀pá ọ́ìlì yín déédéé.

Àwọn nǹkan mìíràn wà tó lè mú kó mu epo, ẹ wò wọ́n lẹ́yìn kọ́ìlì: tẹ̀mósítààtì tó há sí ìṣísílẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì kò fi gbóná tó, pàápàá láàárọ̀ ọyẹ́, sẹ́ńsọ̀ atẹ́gùn tí eruku ti bò, táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, bíréèkì tó ń di ẹsẹ̀ ọkọ̀ mú. Ẹ má sì máa ṣíná kí ẹ kàn sún un fún ọkọ̀ ẹlòmíràn nínú kọ́ḿpáùn, kí ẹ pa á láì tíì gbóná. Epo á kún inú rẹ̀, kò ní gbà láti ṣíná mọ́. Tí kọ́ìlì bá sì ti rẹ̀, ẹ ó pẹ́ níbẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ kọ́ìlì ti pọ̀ jù lẹ́nu mi. Ìyá mi ló dúró sí ẹ̀gbẹ́ koríko tó ń rú èéfín yẹn, kì í ṣe ìyá wọn.

Tí ẹ bá fẹ́ ra kọ́ìlì, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kí ẹ pààrọ̀ pa pọ̀. Ooru kan náà ló ti bá gbogbo wọn jà, èyí tó kù kò ní pẹ́. Ẹ má ra tòkunbọ̀ tí wọ́n tú lára RX-8 tó ti kú, torí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ló pa á. Àwọn tó mọ ẹ́ńjìnnì yìí dáadáa kì í dúró kí kọ́ìlì kú, wọ́n a máa pa á dà ní nǹkan bíi kìlómítà 50,000. Púlọ́ọ̀gì rẹ̀ náà kì í ṣe oríṣi kan: èyí tó ní L, tó ń ṣáájú, ń lọ sísàlẹ̀, èyí tó ní T, tó ń tẹ̀lé e, ń lọ sókè. Ẹ dúró ti ẹni tó bá ń fi í sí i, kó má ṣi wáyà ọ̀kan fi sí èkejì.

Tanke ni mo wà. Ẹni tó bá fẹ́ kí á jọ yẹ kọ́ìlì rẹ̀ wò, kó gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kí oòrùn tó mú. Kó mú púlọ́ọ̀gì tuntun kan dání, kó sì ti kọ lítà àti kìlómítà rẹ̀ sílẹ̀ kó tó wá. N kò ní gba owó.