Àwo orin tí mo tà láìgbọ́ ọ: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́

Kò tíì ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, inú mi kò sì tíì rọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti palẹ̀ ẹrù olóògbé mọ́ rí ní Lọ́ńdọ̀nù níbí mọ bó ṣe máa ń rí: onílé ń béèrè kọ́kọ́rọ́, opó kò lè wo aṣọ ọkọ rẹ̀, ẹnì kan ni yóò sì mú ọkàn le. Èmi ni mo mú ọkàn le. Mo kó àwo orin ẹ̀gbọ́n mi, páálí mẹ́ta, lọ bá ọkùnrin kan tó ń ra àlòkù, ó sì fún mi ní 40 póùn. (Kì í ṣe ojúkòkòrò, owó náà kò tó owó ọkọ̀ tó kó àga.) Ọ̀kan nínú wọn dúdú bí èédú, wọ́n kọ «Monks» (ìyẹn àwọn ọkùnrin tó ń gbé ilé ẹ̀jẹ́ ìsìn) sí i lára, mo sì rò pé orin ìsìn Ìjọ Àgùdà ni.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún 16, wọlé, ó dúró lórí ibi tí páálí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti tẹ kápẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀. Ó ní, «Àǹkù, ẹ ò ta èyí tó dúdú yẹn, àbí?» N kò lè dáhùn. Àwo yẹn ni bàbá rẹ̀ máa ń gbé sí i lálẹ́ Sátidé bí ó bá ń lọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì. Kí ọlọ́jà náà tó ṣí ìsọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì ni mo ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní wọ́n ti rà á lọ, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

Ẹ gbọ́ àwo kí ẹ tó tà á. Ẹ bi àwọn ọmọ olóògbé léèrè pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ, nítorí pé ká ní mo gbọ́ ìṣẹ́jú kan péré nínú rẹ̀, n kì bá tí pè é ní orin ìsìn. Ọmọ ogun Amẹ́ríkà márùn-ún tí wọ́n wà ní Gelnhausen ní Jámánì, tí wọn kò padà sílé nígbà tí iṣẹ́ ológun wọn parí, ni wọ́n ṣe é, Monks sì ni orúkọ ẹgbẹ́ wọn. Wọ́n fá àárín orí, wọ́n so okùn mọ́rùn. Ọdún 1966 ni ilé iṣẹ́ àwo orin Polydor gbé àwo náà, Black Monk Time, jáde níbẹ̀, ẹgbẹ́ náà sì túká ní 1967 láìṣe òmíràn. Báńjò inú rẹ̀ kò kọrin rárá, ńṣe ló ń gún bí ọmọ odó, dùùrù ń ké, gbogbo rẹ̀ ló ń dún bí ìlù.

Mo ti ra èyí tí wọ́n tún tẹ̀. Ọmọ náà gbọ́ ọ dé ìdajì, ó ní, «Ti Dádì máa ń fò níbí.»