Ta La Ń Lọ Kí Níbẹ̀?

"Ta la ń lọ kí níbẹ̀?" Ohun tí màmá mi kọ́kọ́ bèèrè nìyẹn nígbà tí mo ní a máa wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí erékùṣù kan lọ́jọ́ Sátidé. Mo ní a ò lọ kí ẹnikẹ́ni. Ṣé ọjà wà níbẹ̀? Rárá. Ìsọjí? Rárá, Màmá, a kàn fẹ́ rìn yípo ni, ká sì padà sílé. Wọ́n wò mí títí. Oṣù kejì wọn rèé lọ́dọ̀ mi ní Limerick, ní ilẹ̀ Ireland, ó jọ pé ọjọ́ yẹn ni wọ́n gbà pé òtútù ti wọ̀ mí lọ́pọlọ.

Inis Oírr lorúkọ erékùṣù náà. "Íníṣì Íà" ni kí ẹ pè é. Òun ló kéré jù nínú erékùṣù mẹ́ta tó ń jẹ́ Aran, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ò tó 400. Èbúté Doolin la ti wọ ọkọ̀. Màmá fọwọ́ kan di irin mú, wọ́n fi èkejì di Bíbélì mú nínú báàgì, wọn ò sọ̀rọ̀ títí a fi gúnlẹ̀. Nítorí orúnkún wọn ni mo ṣe mú ibẹ̀: ọ̀nà etíkun apá ìlà-oòrùn tẹ́jú, mọ́tò ò wọ́pọ̀, ẹni tó bá sì rẹ̀ lè jókòó sórí òkúta nígbàkigbà. Òkúta lohun tí wọ́n ní jù.

Etíkun oníyanrìn funfun la kọ́kọ́ gbà kọjá, lẹ́yìn náà itẹ́ òkú kan lórí òkìtì yanrìn. Ṣọ́ọ̀ṣì Caomhán Mímọ́ wà níbẹ̀, kò ní òrùlé, inú kòtò ló wà, torí pé yanrìn ń bò ó mọ́lẹ̀, tí àwọn ará ibẹ̀ sì máa ń kó o kúrò de ọdún ẹni mímọ́ náà, 14 oṣù Kẹfà. Màmá nàgà wò ó. "Ilé Ọlọ́run tí wọ́n ń fi ṣọ́bìrì wá!"

A rìn síwájú, Màmá dúró gbagidi. Ọkọ̀ òkun ńlá kan jókòó sórí òkúta gbígbẹ bí ẹni pé ẹnì kan páàkì í síbẹ̀. Plassy lorúkọ rẹ̀. Ní 8 oṣù Kẹta 1960, ìjì gbá a lu àpáta nítòsí ibẹ̀. Àwọn ará erékùṣù na okùn sí i, wọ́n sì fa àwọn 11 tó wà nínú rẹ̀ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn náà ni ìjì mìíràn gbé e jù sórí ilẹ̀. Ó ti dógùn-ún débi pé ẹ lè máa wo òkun gba inú ìhà rẹ̀.

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn, Màmá. Ẹnì kan ò kú."

Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ kan irin náà, wọ́n ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá." Ọwọ́ wọn pọ́n bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ osùn.

Ibi tí a ti yà wọ àárín ilẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti ṣí gèlè wọn. (Mo ti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dé fìlà.) Ó gbé e kọjá ògiri sínú oko kan. Ògiri ibẹ̀ ò ní símẹ́ǹtì. Òkúta lórí òkúta ni, ìmọ́lẹ̀ ń yọ láàárín wọn, ó sì gé gbogbo erékùṣù sí wẹ́wẹ́. Àwọn baba wọn ló ṣa òkúta náà kúrò nílẹ̀, tí wọ́n fi yanrìn àti ewé òkun ṣe iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n gbin pòtétò sí. Mo gun ògiri, mo mú gèlè, bí mo ṣe ń padà ni òkúta mẹ́rin yí lulẹ̀. Màmá ní a ò ní kúrò níbẹ̀ láìtò ó padà. Mo tò ó, ó wó. Mo tún un tò, ó tún wó.

Bàbá àgbà kan tó ń wa kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ló bá wa níbẹ̀. Bàbá sọ̀ kalẹ̀, wọ́n yí òkúta kan lọ́wọ́ títí ojú rẹ̀ fi bá ihò mu, wọ́n gbá a wọlé. Ó parí. Ọ̀pọ̀ oko ibẹ̀ ni kò ní géètì: tí màlúù bá máa wọlé, wọ́n á tú apá kan ògiri, wọ́n á sì tún un tò. Ọwọ́ bàbá yá sí i ju tèmi lọ. Ìgbà yẹn ni wọ́n wá yíjú sí Màmá: "Dia dhuit."

Èdè Irish ni wọ́n ń sọ nílé níbẹ̀. Iṣẹ́ àṣetiléwá ọmọ mi ló jẹ́ kí n gbọ́ díẹ̀. Mo túmọ̀ rẹ̀: kí Ọlọ́run wà pẹ̀lú yín. Ìdáhùn rẹ̀ ni "Dia is Muire dhuit", kí Ọlọ́run àti Màríà wà pẹ̀lú yín. Tí ẹni àkọ́kọ́ bá tún fẹ́ fèsì, á fi Pádraig Mímọ́ lé e. Màmá bú sẹ́rìn-ín. "Èmi kì í ṣe Àgùdà o, ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí mọ ìkíni." Ni wọ́n bá dojú kọ bàbá: "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú wàhálà wa, ilé á tù yín lára." Bàbá ń mi orí bí ẹni tí gbogbo rẹ̀ yé.

Látibẹ̀ dé èbúté, kò sẹ́ni tí Màmá ò kí: ọmọdé lórí kẹ̀kẹ́, obìnrin tó ń sá aṣọ, ajá kan. Ní Limerick, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ráhùn pé èèyàn ń kọjá lára èèyàn bí òpó iná. Díẹ̀ ló kù kí ọkọ̀ tó kẹ́yìn fi wá sílẹ̀ nítorí ìkíni.

Lálẹ́, wọ́n fi ohùn ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ wọn ní Ìbàdàn lórí WhatsApp, ìṣẹ́jú mẹ́jọ gbáko: ọkọ̀ òkun orí ilẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì inú kòtò, bàbá olókùúta. Èsì dé kíákíá.

"Ó mà dáa o. Ta lẹ lọ kí níbẹ̀?"

Màmá pòṣé. "Ẹ wo obìnrin yìí."