Ayaba tí ó há sí igun: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nínú ìgbésẹ̀ 17

Ẹ̀yin àbúrò mi tí a jọ ń ta ṣẹ́ẹ̀sì ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ máa ń bi mí léèrè ìdí tí mo fi ń pẹ́ kí n tó jẹ ohun tí ẹ bá gbé síwájú mi. Ọwọ́ ayò kan ni ó kọ́ mi, èyí tí Viswanathan Anand ará Íńdíà, tí oyè àgbáyé wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà, àti Boris Gelfand ará Ísírẹ́lì ta ní Mọ́sìkò ní ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún ọdún 2012. Ọwọ́ kẹjọ ni. Mẹ́fà àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀mì, Gelfand sì ti borí nínú ìkeje ní àná rẹ̀.

Ní ìgbésẹ̀ 14, Gelfand, tí ó mú dúdú, gbé ayaba rẹ̀ jáde, ó sì fi ẹṣin sílẹ̀ kí Anand jẹ ẹ́. Bí Anand ti jẹ ẹ́ tán, ayaba dúdú wọlé, ó jẹ pọ́ọ̀nù kan, ó fún ọba ní ṣẹ́ẹ̀kì (ó halẹ̀ láti jẹ ẹ́), ó sì tún jẹ rúùkù, ọmọ ayò tí ó níye lórí ju ẹṣin lọ, ní igun ọ̀pọ́n. Ẹni tí ó bá ń ka ohun tí wọ́n jẹ nìkan yóò ní Gelfand ti jèrè. Ṣùgbọ́n Anand kàn rọra sún ayaba tirẹ̀ sí ojú kan lórí ọ̀pọ́n tí à ń pè ní f2, láìjẹ nǹkan kan. Gelfand gbà fún un lójú ẹsẹ̀, nítorí pé bí bíṣọ́ọ̀bù funfun bá ti f1 lọ sí d3, rúùkù funfun tí ó wà ní b1 yóò kọjú sí ayaba rẹ̀ tààrà, kò sì ní rí ojú kankan sá sí. Ìgbésẹ̀ 17 péré! Nínú gbogbo ọwọ́ tí wọ́n ti ta fún oyè yìí tí ẹnì kan sì borí, kò sí èyí tí ó kúrú tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo to ọwọ́ yìí sórí ọ̀pọ́n nínú yàrá mi ní àdúgbò Under G, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣírò rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni mo sì dúró síbi tí a ti jẹ rúùkù, bí ẹni pé ayò tán níbẹ̀. Adùn ni ó dá ìṣirò mi dúró. (Àwọn àgbà tí ń ta ayò ọlọ́pọ́n kì yóò ṣe irú rẹ̀.)

Ẹ má rò pé òpè ni Gelfand o: 6–6 ni wọ́n parí ọwọ́ méjìlá sí (ààmì kan fún ẹni tó borí, ààbọ̀ fún ọ̀mì), kí Anand tó fi 2½ sí 1½ borí nínú ayò oníkánjúkánjú ní ọjọ́ 30. Nítorí náà, bí ẹ bá tún rí mi tí mo ń fi ojú wá ọ̀nà tí ayaba mi yóò gbà jáde kí ó tó wọlé, ẹ ní sùúrù. Aago tèmi ni ó ń lọ.