Ọ̀sẹ̀ Ìgbálẹ̀: Stuttgart àti Ìbàdàn

Pátákó kékeré kan wà nílé tí mò ń gbé ní Stuttgart, ìlú kan ní Jámánì. Kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, okùn wà lára rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n kọ sí i: Kehrwoche, ìyẹn ọ̀sẹ̀ ìgbálẹ̀. Bí o bá ti ibi iṣẹ́ dé tí o bá a lára ọwọ́ ilẹ̀kùn rẹ, kò sẹ́ni tó máa tún bá ọ sọ ohunkóhun. Ó ti kàn ọ́ nìyẹn. Wàá gbá àtẹ̀gùn láti ẹnu ọ̀nà rẹ dé ìsàlẹ̀, wàá fi aṣọ tútù nù ún, wàá nu irin tí àwọn èèyàn ń dì mú gòkè. Bí o bá ṣe tán, ìwọ náà á lọ fi pátákó náà kọ́ ẹnu ọ̀nà ẹni tó kàn.

Ọ̀jẹ́ ní Ìbàdàn ni wọ́n ti bí mi, nínú agboolé tí a pọ̀ tó ọgbọ̀n. Bí ìpè ìrun àárọ̀ bá ti parí, ìró ọwọ̀ ló kàn. Màmá mi á kọ́kọ́ wọ́n omi sílẹ̀ kí eruku má baà sọ, àwa ọmọbìnrin á wá bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ kan lẹ́yìn, ọwọ́ kejì ń gbálẹ̀, láti ẹnu ọ̀nà yàrá títí dé ẹ̀yìnkùlé. Bí a bá parí, ipa ọwọ̀ á hàn lórí ilẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn fi ìyarun ya irun tútù. Kò sí pátákó, kò sì sí àkọsílẹ̀ ẹni tó kàn. Ìyàwó tó kéré jù àti ọmọ tó bá ti lè di ọwọ̀ mú ló ń gbálẹ̀, gbogbo ẹni tó bá sì ń kọjá á kí wọn kú iṣẹ́. Bí o kò bá gbá a dáadáa, àgbà kan á pè ọ́ padà. Ó lè má jẹ́ màmá rẹ rárá, o ò sì gbọdọ̀ fajú ro.

Ọdún kẹfà mi rèé ní Jámánì, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Àwọn tó ń béèrè lọ́wọ́ mi bí ìgbé ayé ibí ṣe rí máa ń retí kí n sọ̀rọ̀ owó, òtútù àti ọkọ̀ ojú irin. Ọ̀rọ̀ aládùúgbò ló máa ń wá sí mi lọ́kàn ní tèmi, nítorí ibẹ̀ ni mo ti ṣi ìlú yìí lóye jù.

Ọ̀sẹ̀ ìgbálẹ̀ yìí ti pẹ́ ní Stuttgart. Láti ayé ìjòyè wọn kan tí wọ́n ń pè ní Eberhard Onírùngbọ̀n ni òfin ìlú ti 1492 ti ní kí olúkúlùkù máa kó ààtàn rẹ̀ jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kí ìlú lè mọ́. Ní 1988 ni wọ́n yọ ọ̀ranyàn ìgbálẹ̀ kúrò nínú òfin ìlú. Síbẹ̀ àwọn onílé ṣì ń kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn ilé, pátákó sì ń yí ká bó ṣe ń yí tẹ́lẹ̀. Kékeré wà, ńlá wà. Kékeré ni ti àtẹ̀gùn. Ńlá ni ti ìta: iwájú ilé, ẹ̀gbẹ́ títì, ibi tí àgbá ìdalẹ̀nù wà. Bí yìnyín bá bọ́ lóru, ẹni tí ìta kàn á ti fi ṣọ́bìrì kó o kúrò lọ́nà kí aago méje àárọ̀ tó lù, kí ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ má baà yọ̀ ṣubú.

Èyí rán mi létí Sátidé ìparí oṣù nílé. Àwọn tó bá dàgbà tó á rántí àsìkò WAI, ogun tí ìjọba ológun gbé ti ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́, lábẹ́ Buhari àti Idiagbon, tí sójà ń dúró lójú títì tí a sì ń kó ẹrẹ̀ inú gọ́tà láti aago méje sí mẹ́wàá. Ìjọba yẹn lọ, ìgbálẹ̀ Sátidé kù, ó sì ń rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ní 2016, Èkó pa òfin tó ní kí ará ìlú má jáde láàárín wákàtí náà rẹ́. Mo mọ gọ́tà tí kò sẹ́ni tó tún kó o láti ìgbà náà. Ṣùgbọ́n àgbàlá wa ní Ọ̀jẹ́, tí sójà kankan kò dé rí, kò sọ àárọ̀ kan nù láìgbá. Ohun tó yà mí lẹ́nu níbí ni pé wọ́n ń ṣe ti ìta bí àwa ṣe ń ṣe ti àgbàlá. Ẹ̀gbẹ́ títì, tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni lójú tèmi, ti ilé wa ni lójú tiwọn.

Ní ọdún àkọ́kọ́, iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń ṣe. Alẹ́ Sátidé kan, mo délé, aago mẹ́wàá ti lé, ọ̀sẹ̀ mi sì ń parí lọ. Mo bọ́ bàtà, mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì, mo bẹ̀rẹ̀ sí gbá àtẹ̀gùn. Mi ò tíì dé ìsàlẹ̀ tí màmá àgbà tó ń gbé lókè mi fi ṣílẹ̀kùn pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n fi ń sùn. Wọ́n fi pẹ̀lẹ́ sọ fún mi pé aago mẹ́wàá ti kọjá. Láti aago mẹ́wàá alẹ́ sí mẹ́fà àárọ̀, ilé gbọ́dọ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Ojú tì mí, mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì wọlé. Lọ́jọ́ kejì mo ròyìn rẹ̀ fún màmá mi lórí fóònù, mo rò pé wọ́n máa gbè mí. Wọ́n ní, "Ta ló ń gbálẹ̀ lóru? Ṣé o fẹ́ gbá ire ilé dànù ni?" Èèwọ̀ kan náà, ìlú méjì. Àwọn kan ń ṣọ́ oorun, àwọn kan ń ṣọ́ ire.

Ọ̀rọ̀ ìdákẹ́jẹ́ yìí le jù lọ́jọ́ Àìkú. Ó wà nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè wọn pé ọjọ́ ìsinmi ni. Òfin 1919 ló sọ ọ́, òfin 1949 tún gbà á wọlé bó ṣe wà. Ṣọ́ọ̀bù kì í ṣí, a kì í lu ìṣó, a kì í ju ìgò òfìfo sínú àpótí tí wọ́n ń kó ìgò sí, nítorí ariwo rẹ̀. Ẹni tí kò bá ra iyọ̀ ní Sátidé á jẹ ọbẹ̀ aláìníyọ̀. Ní Ọ̀jẹ́, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì méjì ló ń pàdé lókè àgbàlá wa lọ́jọ́ Àìkú, jẹnẹrétọ̀ ń gbè é lẹ́sẹ̀. Ó gba mi lọ́dún méjì kí etí mi tó gba ìdákẹ́jẹ́ Stuttgart. Ní báyìí mo fẹ́ràn rẹ̀. Tọkọtaya àti ọmọ wọn á jáde lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, wọ́n á máa rìn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ gba àárín oko àjàrà tó wà nínú ìlú gan-an, wọ́n á padà wá jẹ kéèkì, wọ́n á mu kọfí. Èmi náà ń gun àtẹ̀gùn òkúta ẹ̀gbẹ́ òkè. Stäffele ni wọ́n ń pè é, ó lé ní 400 káàkiri ìlú. Bí mo bá dé orí òkè tí mo bojú wo àwọn òrùlé nísàlẹ̀, Mápò ló máa ń wá sí mi lọ́kàn.

Àríyá ńkọ́? Bí ẹnì kan bá fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí nílé wa, á lẹ ìwé mọ́ ara ògiri ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú: Sátidé yìí, ariwo lè wà díẹ̀, ẹ má bínú. Ní Ìbàdàn, aládùúgbò tí wọ́n á bẹ̀ nítorí ariwo yẹn gan-an ló ń bá wọn fọ abọ́ lẹ́yìnkùlé, tó ti ra aṣọ ẹbí. Mo fara mọ́ tiwa lórí èyí, mi ò sì ní fi bò.

Oúnjẹ alẹ́ wọn, búrẹ́dì tútù, wàràkàṣì àti ẹran tí wọ́n gé pẹlẹbẹ, kò tíì bá mi lára mu. Búrẹ́dì náà dára púpọ̀ o, ó dúdú, ó wúwo, ó ń múni yó. Ṣùgbọ́n lálẹ́, ohun gbígbóná ni inú mi ń béèrè.

Èdè wọn ló kọ́kọ́ bá mi lára mu, ohun tí mi ò retí ni. Du ni ìwọ, Sie ni ẹ̀yin. Sie yìí gan-an, "wọ́n" ni, lẹ́tà ńlá ni wọ́n kàn fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí a ṣe ń sọ pé "Wọ́n ti dé" nígbà tó jẹ́ pé bàbá kan ṣoṣo ló wọlé, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ bí ẹni tó pọ̀. Wọ́n sì ń sọ du fún Ọlọ́run, bí àwa náà ṣe ń sọ ìwọ fún Un. Ibi tí ọ̀nà ti pín ni pé ọjọ́ orí la fi ń wọn tiwa. Tiwọn, bí ẹ ṣe mọra yín tó ni. Ọmọ á sọ du fún ìyá tó bí i, bàbá ọgọ́ta ọdún á sì sọ Sie fún ọmọdébìnrin tó ń gbowó ní ṣọ́ọ̀bù. Bí ẹ bá ti wá mọra dáadáa, àgbà ló máa ń dábàá pé kí ẹ fi Sie sílẹ̀, ọmọdé kì í dá a lábàá.

Ìyá kan wà tí mo tọ́jú, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ mo pè wọ́n ní màmá. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Èmi kọ́ ni ìyá yín." Wọ́n fẹ́ Frau, ìyẹn Ìyáàfin, àti orúkọ ìdílé ọkọ wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n sì ń kọ́ wa níbi iṣẹ́ pé kí a má pe arúgbó kankan ní ìyá àgbà. Ó dùn mí wọ egungun. Ní Ìbàdàn, bí mo bá pe àgbàlagbà obìnrin ní orúkọ ọkọ rẹ̀ lásán, wọ́n á ní mi ò ní ẹ̀kọ́ ilé. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ni ìyá náà là á yé mi. Wọ́n ní bí èèyàn bá ti di ìyá àgbà lẹ́nu gbogbo èèyàn, kò sẹ́ni tó tún ń béèrè ohun tó fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbà pẹ̀lú wọn. Ìgbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n kú, wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú, wọ́n ní kí n máa sọ du fún àwọn, kí n máa pe orúkọ tí ìyá wọn sọ wọ́n. Mo dúpẹ́, mo gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹnu mi kò gbà á. Sie ni mo ń sọ títí wọ́n fi dákẹ́.

Ní oṣù kejì ọdún tó kọjá, àìsàn dá mi dùbúlẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko, ẹnikẹ́ni kò kan ilẹ̀kùn mi. Mo sunkún lọ́jọ́ kẹta, kì í ṣe nítorí ara ríro. Ní Ọ̀jẹ́, bí wọn kò bá rí ọ lẹ́nu ọwọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀sán kò ní pọ́n tí wọ́n á fi yọjú: "Kí ló dé tí a ò rí ọ?" Wọ́n á jókòó sétí ibùsùn, wọ́n á da ẹ̀kọ gbígbóná, wọ́n á fọwọ́ kan iwájú orí rẹ. Pátákó wà lẹ́nu ọ̀nà mi lọ́sẹ̀ yẹn, mi ò sì lè dìde gbálẹ̀.

Ọjọ́ karùn-ún, mo gbọ́ ìró ìgbálẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Mo wọ́ra dé ẹnu ọ̀nà, mo ṣí i díẹ̀. Màmá òkè ni, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, bọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọ́n ti rí i pé mi ò gbálẹ̀, wọ́n sì ti mọ̀ pé ohun kan ṣe mí. Wọ́n ní "Gute Besserung", kí ara mi tètè yá. Wọn kò wọlé. Lọ́jọ́ kejì mo rí àpò kan lára ọwọ́ ilẹ̀kùn, níbi tí pátákó máa ń wà: tíì òdòdó kamomílè, búrẹ́dì yíyangbẹ tí wọ́n ń fún aláìsàn níbí, àti ọsàn mẹ́ta. Pátákó ti dé ẹnu ọ̀nà ẹni tó kàn.

Mo mọ ohun tí wọ́n ṣe fún mi, mi ò ní gbàgbé ẹ̀. Síbẹ̀ mo ṣì fẹ́ kí wọ́n wọlé jókòó. Nígbà tí ara mi yá, èmi ló lọ sókè, mo kan ilẹ̀kùn, mo gbé ọbẹ̀ lọ́wọ́, mo sì jókòó láìdúró de ìpè. Láti ìgbà náà, ọjọ́ Àìkú kejì nínú oṣù ni mo ń lọ kí wọn, wọ́n sì ti mọ̀ láti tẹ́ tábìlì fún ẹni méjì.

Àwọn èèyàn máa ń sọ fún mi pé ilé ṣì wà bó ṣe wà. Kò wà bẹ́ẹ̀ mọ́. Nínú ọgbọ̀n tí a jẹ́ lágboolé wa, mẹ́rin ló kù. Ẹ̀gbọ́n mi wà ní Èkó, àbúrò wà ní Kánádà, èmi rèé. Yàrá púpọ̀ ni wọ́n ti àgádágodo pa. Ọmọ aládùúgbò kan, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ló ń wá gbálẹ̀ fún màmá mi kó tó lọ sílé ìwé.

Lásìkò òtútù, aago Nàìjíríà àti ti Jámánì dọ́gba. Bí iṣẹ́ ọ̀sán bá jẹ́ tèmi, mo máa ń pè wọ́n ní aago mẹ́fà ààbọ̀, kí n tó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì tèmi jáde sórí àtẹ̀gùn. Láàárọ̀ ìjẹta, a ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ ìró ọwọ̀ lẹ́yìn wọn. Wọ́n gbé fóònù kúrò létí, mo sì gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún ọmọ náà pé kó dúró ná, kó kọ́kọ́ wọ́n omi sílẹ̀.