Kútẹ́ẹ̀sì dà sílẹ̀

Láàárọ̀ àná ni ọmọ mi obìnrin ń kun èékánná nítorí ìgbéyàwó àǹtí rẹ̀. Kí n tó ṣẹ́jú, ìgò kútẹ́ẹ̀sì pupa ti dojú dé. Ìdajì wà lórí táìsì, ìdajì lórí kápẹ́ẹ̀tì onírọ́bà ẹnu ọ̀nà yàrá. Ó ti mú àkísà. Mo ní, "Má nù ún o!" Bí ó bá ṣì tutù, téèyàn bá nù ún, ńṣe ló máa ń tàn kálẹ̀.

Ṣúgà ni mo sáré bù lé e lórí, ẹ̀kúnwọ́ méjì. Ó fa kútẹ́ẹ̀sì náà mọ́ra, ó ṣù pọ̀ ní wóró-wóró, mo fi páálí gbá a kúrò. Ti orí táìsì, òwú àti ásítóònù, omi tí wọ́n fi ń nu kútẹ́ẹ̀sì kúrò, ló parí ẹ̀. Mo ṣí gbogbo fèrèsé, mi ò sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tan gáàsì.

Ti kápẹ́ẹ̀tì gan-an ló bà mí lẹ́rù. Ásítóònù ti bó òdòdó ara irú rẹ̀ fún mi rí, ọkàn mi gbọgbẹ́ lọ́jọ́ náà. Sípíríìtì ni mo lò báyìí, mo rọra ń fi òwú tẹ̀ ẹ́, mi ò ha á. Ó gbà mí tó wákàtí kan. Àmì pupa kan bí orí ìṣáná ló kù. Ọmọ mi dì mọ́ mi, àtàǹpàkò nìkan ló tíì kùn: "Màámi, ẹ ṣeun."