Àwọ̀ Òdòdó Àtọwọ́dá fún Ìgbéyàwó: Ẹ Mú Aṣọ Dání Lọ Sọ́jà

Kí ẹ tó ra òdòdó kankan, ẹ gé díẹ̀ lára aṣọ òkè tọkọtìyàwó, kó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ sì mú un dání. Ẹ má fi àwòrán orí fóònù yan àwọ̀. Fóònù kan á gbé wáìnì bíi pupa, òmíràn á gbé e bíi bùráùn, ọjọ́ tí ẹrù bá dé lẹ máa mọ̀ pé kò bá gèlè mu.

Bó bá jẹ́ sányán ni wọ́n fẹ́ wọ̀, ẹ má wá òdòdó tó jọ ọ́ gẹ́lẹ́, torí á dà bíi koríko gbígbẹ. Funfun bíi wàrà àti píìsì ló yẹ ẹ́. Ẹtù ṣú bí aró, òdòdó búlúù á rì sínú rẹ̀, kò ní hàn nínú fọ́tò. Funfun àti yẹ́lò ló máa yọ lára rẹ̀. Àlàárì ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Pupa òdòdó àti pupa aṣọ ṣòro láti bára mu: ọ̀kan á máa fà sí ọsàn, èkejì á fà sí elésè àlùkò, wọ́n á wá máa bára wọn jà. Ẹ fi pupa sílẹ̀ fún aṣọ, kí òdòdó jẹ́ wàrà, pẹ̀lú góòlù díẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń ṣe é náà ṣe pàtàkì. Ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣàgámù, ìdána lè wáyé láàárọ̀ lábẹ́ kánópì nílé bàbá ìyàwó, kí wọ́n tó kọjá sí họ́ọ̀lù lọ́jọ́ kan náà. Kánópì búlúù á sọ gbogbo funfun abẹ́ rẹ̀ di búlúù (ìdí nìyẹn tí kánópì funfun fi dára jù). Nínú họ́ọ̀lù, gílóòbù yẹ́lò á sọ búlúù di dúdú, á sì sọ elésè àlùkò di bùráùn. Gílóòbù funfun ní tirẹ̀ máa ń mú kí píìsì ṣì. Ẹ mú ẹyọ kan kan dé ibẹ̀, kí ẹ ní kí wọ́n tan iná, kí ẹ tó sanwó ìyókù.

Tábìlì ẹlẹ́ni mẹ́wàá gba òdòdó ńlá 5, kéékèèké 6 sí 8, àti ẹ̀ka ewé 3. Tábìlì 20, ńlá 100, kéékèèké 120 sí 160, ewé 60. Ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́wàá lé e, nítorí èyí tó máa já. Nínú òdòdó 10, kí 6 jẹ́ àwọ̀ tó jẹ́ olórí, 3 àwọ̀ kejì, 1 péré àwọ̀ tó ń ta yọ. Ọjọ́ kan náà ni kí ẹ ra gbogbo rẹ̀: funfun inú páálí kan lè fà sí búlúù, ti páálí kejì kó fà sí yẹ́lò, bó bá sì ti dórí tábìlì, kò ṣeé fi pamọ́.

Ewé ló sì máa ń tú òdòdó àtọwọ́dá fó, kì í ṣe òdòdó fúnra rẹ̀. Ewé tó ń dán bíi rọ́bà á ba òdòdó olówó ńlá jẹ́. Ẹ wá èyí tó ṣú díẹ̀, tí kò dán.

Òdòdó aláṣọ tó bá jẹ́ pupa, wáìnì tàbí elésè àlùkò, ẹ fi òwú funfun tó tutù nù ún. Bí òwú bá yí àwọ̀, kò gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ ìyàwó, torí òógùn ọwọ́ á gbé aró rẹ̀ sára aṣọ funfun. Bí ẹ bá fẹ́ fín góòlù sára òdòdó, ẹ fín in kó gbẹ kí ẹ tó gún un mọ́ fóòmù funfun. Ọ̀dà inú agolo máa ń jẹ fóòmù yẹn, òdòdó á wá dà wó. Òdòdó tó bá rún nínú páálí, ẹ gbé e sókè ooru omi gbígbóná, kó jìnnà díẹ̀ sí i, kí ẹ sì fi ìka nà án. Áyọ́ọ̀nù á yọ́ ọ.

Nígbà ọyẹ́, eruku máa ń bo òdòdó funfun kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ fi náílọ́ọ̀nù bò ó mọ́jú, àárọ̀ ni kí ẹ tó ṣí i.