Káàdì àjọ nínú fóònù: ibi tí iṣẹ́ dé, àti bí mo ṣe dá iye rẹ̀

Áàpù kékeré kan ni mò ń ṣe nírọ̀lẹ́ àti lópin ọ̀sẹ̀, fún àwọn alájọ tó ń rìn káàkiri ọjà gba owó ojúmọ́. Èmi nìkan ni mò ń kọ kóòdù rẹ̀, èmi náà ni mò ń ya ojú rẹ̀, èmi náà ni mo sì máa tà á. Ìyá alájọ kan ní Bódìjà, n'Ìbàdàn, ló gbà kí n máa tẹ̀ lé òun láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, ohun tí mo bá sì rí lẹ́yìn wọn ni mo fi ń tún iṣẹ́ ṣe. Mò ń kọ ọ́ sílẹ̀ torí pé àwa tí à ń dá irú iṣẹ́ yìí ṣe máa ń sọ ti kóòdù fún ara wa dáadáa, ṣùgbọ́n iye tí a máa tà á àti ìdí tí a fi mú iye yẹn, kì í sábà jáde lẹ́nu wa.

Oṣù Ṣẹ́rẹ́: ojú káàdì

Ẹni tó bá ti dá àjọ rí mọ káàdì yẹn: pépà líle, ilé 31, orúkọ lókè, iye tí wọ́n ń dá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí èèyàn bá ń dá ₦500 tí ilé 31 sì kún, ₦15,500 ni gbogbo rẹ̀; alájọ á mú ₦500 ọjọ́ kan, á kó ₦15,000 fún olówó. Káàdì yẹn gan-an ni mo yà sójú fóònù. Oòrùn ọjà kì í jẹ́ kí àwọ̀ tó rẹ̀ hàn, nítorí náà dúdú lórí funfun ni mo lò, nọ́ńbà ńláńlá, ilé kọ̀ọ̀kan sì fẹ̀ tó kí àtàǹpàkò má baà tẹ méjì pọ̀.

Ọ̀pọ̀ kì í san lójoojúmọ́. Elélùbọ́ kan lè má san fún ọjọ́ mélòó kan, tí ọjà bá wá tà, á na ₦5,000 sí alájọ, á ní, "Ẹ bá mi máàkì mẹ́wàá." Alájọ á tẹ 5000, áàpù á máàkì ilé mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyí tí mi ò fi so káàdì mọ́ kàlẹ́ńdà. Ó parí nígbà tí ilé bá kún, tàbí nígbà tí olówó bá ní òun fẹ́ gba owó òun.

Nǹkan tó ti wọ inú káàdì kò ṣeé parẹ́. Bí ọwọ́ bá ṣèèṣì tẹ ilé kan, ìlà pupa ni alájọ máa fà lé e, ọjọ́ àti wákàtí tó fà á á sì wà níbẹ̀. Ìyá Alájọ ló ní kí n ṣe é bẹ́ẹ̀. "Ọmọ mi, ìwé tó bá ṣeé parẹ́, ìjà ló wà nínú ẹ̀."

Àkọsílẹ̀ gbogbo wà nínú SQLite, ètò kékeré kan tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀, lórí fóònù alájọ fúnra rẹ̀. D. Richard Hipp ló ṣe SQLite ní ọdún 2000, ó sì yọ̀ǹda rẹ̀ fún gbogbo ayé láìgba kọ́bọ̀. Kò sí fóònù Android tí kò sí nínú rẹ̀. Mi ò ní server kankan, ìyẹn kọ̀ǹpútà orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí èèyàn ń sanwó lé, fún owó àjọ. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọjà kò ṣeé gbára lé, ìdí kan nìyẹn, ṣùgbọ́n ìdí tó wúwo jù lọ́kàn mi ni pé dọ́là la fi ń san server. Nígbà tí CBN tú náírà sílẹ̀ ní oṣù Òkúdù 2023, dọ́là kan ò tíì tó ₦500 lójú ìjọba; nígbà tó fi máa di oṣù Èrèlè 2024, ó ti kọjá ₦1,500. Ẹni tó bá ń gba náírà lọ́wọ́ alájọ, tó wá ń san dọ́là fún server, á máa fi owó lé owó fún ìdí tí kò kan alájọ rárá. Ohun tí mi ò bá gbé sórí server, mi ò ní dá owó rẹ̀ lé ẹnikẹ́ni lórí. Bí fóònù bá sọnù ńkọ́? Áàpù máa ń ṣe ẹ̀dà kan lálaalẹ́, tó fi ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé tì pa, alájọ á sì fi í ránṣẹ́ sí ẹni tó bá gbẹ́kẹ̀ lé nínú ilé rẹ̀ lórí WhatsApp.

Oṣù Èrèlè: orúkọ

Mo yọ àyè orúkọ àbísọ àti orúkọ ìdílé kúrò. Ìyá Bọ́sẹ̀ Elélùbọ́, Alátà Ẹ̀yìn Mọ́sáláásí, Ìyá Ìbejì: bí wọ́n ṣe ń pe ara wọn lọ́jà nìyẹn. Ìlà kan fún orúkọ, ìlà kan fún ibi tí ìsọ̀ wà, ó tó. Mi ò béèrè BVN, mi ò béèrè ojúlé. Òfin ààbò ìsọfúnni tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2023 ń bẹ, ohun tí n kò bá sì gbà lọ́wọ́ èèyàn kò lè bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn láti ọ̀dọ̀ mi.

Wíwá orúkọ ló gba agbára. Lẹ́tà ọ̀ kò ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà: ọ ni U+1ECD, àmì ohùn á wá tẹ̀ lé e ní U+0300. Lẹ́tà ṣ lè jẹ́ U+1E63, ó sì lè jẹ́ s lásán tí wọ́n fi U+0329 sí lábẹ́. Lójú èèyàn, ọ̀kan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Nítorí náà, orúkọ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀dà méjì: ọ̀kan tó ń hàn pẹ̀lú àmì rẹ̀ pé pérépéré, èkejì tí mo bọ́ gbogbo àmì kúrò lára rẹ̀ fún wíwá. Ẹ tẹ "bose", Bọ́sẹ̀ á jáde. Ẹ tẹ "Bọ́sẹ̀", òun náà á jáde. Ìyá Alájọ fúnra wọn ò nílò rẹ̀ o, orí wọn pé bíi ti alájọ Ṣómólú tó ta mọ́tò ra kẹ̀kẹ́. Ọmọ iṣẹ́ wọn ló nílò rẹ̀. Inú mi dùn sí apá yìí ju gbogbo ìyókù lọ, torí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí orúkọ ara rẹ̀ nínú nǹkan tí mo ṣe kó dà bíi pé wọ́n gé e lẹ́sẹ̀.

Oṣù Ẹrẹ̀nà: iye

Mo kọ́kọ́ rò ó pé kí n tà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n ọdọọdún ni Android ń yí padà, ẹni tó bá rà á lónìí á ṣì nílò mi lọ́dún mẹ́ta sí i. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ni mo gbowó, owó àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rà ni màá máa fi tọ́jú àwọn tó ti rà. Lọ́jọ́ tí àwọn tuntun bá dá, ìtọ́jú dá nìyẹn. Mo tún rò ó pé kí n gba ìdá díẹ̀ nínú ọjọ́ kan tí alájọ ń mú. Èyí ni mo kọ̀ pátápátá. Áàpù tó ń ka owó alájọ kó lè mọ iye tí òun máa yọ níbẹ̀, alájọ á bẹ̀rẹ̀ sí í fi káàdì pa mọ́ fún un, àkọsílẹ̀ á sì bàjẹ́.

Mo bi Ìyá Alájọ léèrè: "Màmá, èló lẹ rò pé alájọ lè máa san lóṣù?"

Wọ́n wò mí. "Ṣé mo máa ń bi elélùbọ́ pé èló ló lè san fún mi ni? Ọjọ́ kan ni. Ó ti mọ̀ ọ́n kó tó gba káàdì."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi dá iye. Ọ̀fẹ́ ni títí dé oníbàárà 20. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ₦800 lóṣù, iye kan náà fún gbogbo èèyàn, yálà oníbàárà 30 ni wọ́n ní tàbí 300. Bí àwọn oníbàárà bá ń dá ₦500, owó ọjọ́ kan tí alájọ ń mú lára méjì péré nínú wọn ti jù ú lọ. Ọjọ́ tí alájọ máa san án kò sì so mọ́ ọjọ́ tó gbé áàpù sórí fóònù. Áàpù á bi í pé, "Ọjọ́ wo lẹ máa ń pín owó?" Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn ni, nígbà tí owó tirẹ̀ gan-an ti bọ́ sí i lọ́wọ́.

Alájọ tó bá fẹ́ lè san oṣù mẹ́ta pọ̀, ₦2,400. Ó wù mí kí n sọ ọ́ di ₦2,500 kó lè gún régé, àfi ìgbà tí mo jókòó ṣírò rẹ̀. Paystack, iléeṣẹ́ tó ń bá mi gba owó lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ń mú ìdá 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ń fi ₦100 lé e, àyàfi bí owó náà kò bá tó ₦2,500. Nínú ₦2,400, ₦36 ló lọ, ₦2,364 dé ọwọ́ mi. Nínú ₦2,500, ₦137.50 ló lọ, ₦2,362.50 ló kù. Alájọ ì bá fi ₦100 kún un, kò sì ní sí kọ́bọ̀ tó wọlé fún mi lórí rẹ̀. Bí èèyàn bá tún san ₦800 lẹ́ẹ̀mẹta, ₦12 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ₦36 kan náà ni. Nítorí náà ẹni tó ń san díẹ̀díẹ̀ kò ní san jù, mi ò sì gbé ẹ̀dínwó kankan síbẹ̀ láti fi ti èèyàn sí sísan lápapọ̀. Ká ní inú Play Store ni mo ti ń gbà á ni, ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni Google máa mú, ìyẹn ₦360. Ọ̀fẹ́ ni áàpù wà níbẹ̀, mo san $25 ìforúkọsílẹ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan, kò sì sí bọ́tìnì ìsanwó nínú rẹ̀.

Bí alájọ 50 bá ń san, ₦40,000 lóṣù nìyẹn. Kò lè gbọ́ bùkátà mi, ṣùgbọ́n ó tó láti fi ra dátà àti àlòkù fóònù tí mo fi ń dán iṣẹ́ wò, kí n sì lè máa bá a lọ.

Oṣù Ìgbé: SMS, àti ẹni tí kò san

Ìyá Alájọ ní kí oníbàárà máa rí SMS gbà nígbàkígbà tí wọ́n bá máàkì. Ká tiẹ̀ fi ₦4 ṣírò SMS kan: ilé 31, oníbàárà 100, ₦12,400 ni. Kò sí bí ₦800 ṣe máa gbé ìyẹn. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni mo fi sí, láti orí fóònù alájọ, fún oníbàárà tó bá fẹ́ nìkan. SMS kan máa ń gba lẹ́tà 160, ṣùgbọ́n bí ẹ, ọ tàbí ṣ kan ṣoṣo bá wọ inú rẹ̀, 70 ló kù. Mi ò yọ àmì. Ọ̀rọ̀ ni mo gé kúrú:

Ẹ kú iṣẹ́. ₦500 ti wọlé. Ọjọ́ 12 nínú 31. Àpapọ̀: ₦6,000.

Alájọ tí oṣù rẹ̀ bá tán tí kò tíì san, áàpù ò ní tì í mọ́ta. Gbogbo káàdì tó ti wà nílẹ̀ á ṣí, wọ́n á máàkì, wọ́n á pín owó, wọ́n á ṣe ẹ̀dà. Káàdì tuntun tó bá kọjá 20 nìkan ni kò ní ṣeé ṣí. Owó elélùbọ́ ló wà nínú káàdì, mi ò lè fi gbèsè ₦800 tí ẹlòmíràn jẹ mí há a mọ́.

Ìyá Alájọ ṣì ń máàkì káàdì pépà pẹ̀lú ti fóònù, èmi náà ò sì ní kí wọ́n dá a dúró. Bí méjèèjì bá bá ara mu títí dé ọjọ́ ìpín, Gbági àti Òjé ló kàn, alájọ kan ní ọjà kọ̀ọ̀kan.